Kí ló gbé Faransé dé ilẹ̀ Ròmáníà?

Òǹkàwé kan láti Pọ́bẹ̀, ní orílẹ̀-èdè Benin, ló fi ìbéèrè yìí ránṣẹ́ sí mi: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi ń jiyàn, ẹ bá wa dá sí i. Mo rí i pé Ròmáníà wà nínú ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé, ẹgbẹ́ tí Benin tiwa náà wà. Àwa mọ bí Faransé ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Ṣùgbọ́n Faransé ò jọba lé Ròmáníà lórí rí. Ọ̀rẹ́ mi ní ìfẹ́ ló fà á, pé ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n. Èmi ní ọ̀rọ̀ òṣèlú ni. Ta ló jàre? Ẹni tó bá pàdánù ló máa ra àkàrà àti ẹ̀kọ fún gbogbo ilé.”

Àbúrò mi, ìwọ lo jàre jù, àmọ́ ọ̀rẹ́ rẹ náà ò jẹ̀bi tán. Òṣèlú ló kọ́kọ́ dé. Ìfẹ́ tẹ̀ lé e, àwọn ará Ròmáníà fúnra wọn ló sì tọ́ ìfẹ́ náà dàgbà, nítorí wọ́n mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Jẹ́ kí n rò ó fún ọ láti ìdí.

Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún bẹ̀rẹ̀, kò sí orílẹ̀-èdè tó ń jẹ́ Ròmáníà. Ilẹ̀ méjì ló wà: Moldavia, tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Iași, àti Wallachia, tí olú ìlú rẹ̀ jẹ́ Bucharest. (Transylvania wà lọ́wọ́ Ọ́stríà, ìyẹn sì ní ìtàn tirẹ̀ lọ́tọ̀.) Àwọn méjèèjì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Sultan ilẹ̀ Tọ́kì ní Istanbul. Fún nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún, títí di 1821, Sultan ló ń fi ọba jẹ níbẹ̀, inú ìdílé àwọn Gíríkì olówó tó ń gbé àdúgbò Fener ní Istanbul ló sì ti ń mú wọn. Owó ni wọ́n fi ń ra oyè náà. Bí wọ́n bá ti gorí ìtẹ́ tán, ara mẹ̀kúnnù ni wọ́n ti ń gba owó wọn padà. Lábẹ́ wọn ni àwọn onílẹ̀ ńláńlá wà, tí wọ́n ń pè ní boier. Má kà á sí “bóyà” tiwa o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdáhùn tí wọ́n máa ń fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè àtúnṣe kò jìnnà sí i.

Àwọn ọba Gíríkì yìí ló kọ́kọ́ mú èdè Faransé wọ ààfin. Ìdí rẹ̀ ò le: Faransé ni àwọn ikọ̀ ọba fi ń kọ̀wé síra wọn ní gbogbo Yúróòpù nígbà náà, ọba tó bá sì ń gbé láàárín Tọ́kì, Rọ́ṣíà àti Ọ́stríà nílò akọ̀wé tó gbọ́ ọ. Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn ọ̀gá ọmọ ogun Rọ́ṣíà tó ń wá gba ilẹ̀ náà léraléra wà lára àwọn tó tan Faransé kálẹ̀. Faransé ni wọ́n fi ń bá àwọn ìyàwó boier sọ̀rọ̀ níbi ijó.

Ìjọba Faransé fúnra rẹ̀ pẹ́ kó tó dé. Àdéhùn Küçük Kaynarca ní 1774 ti fún Rọ́ṣíà láyè láti máa gbẹnu sọ fún ilẹ̀ méjèèjì níwájú Sultan. Rọ́ṣíà àti Ọ́stríà ti fi kọ́ńsù, ìyẹn aṣojú ìjọba wọn, síbẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1780. Nígbà ìyípadà ńlá ilẹ̀ Faransé, láàárín àwọn ọdún 1790, ni kọ́ńsù Faransé tó dé. Oníṣòwò Faransé ò pọ̀ níbẹ̀ rárá. Iṣẹ́ kọ́ńsù náà ni kó máa ṣọ́ Rọ́ṣíà. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú: ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ mọ ìgbà tí ọmọ ogun Rọ́ṣíà máa sọ̀ kalẹ̀ sí Istanbul, etí odò Danube ló yẹ kó jókòó sí.

Charles-Frédéric Reinhard rí i fúnra rẹ̀. Ọkùnrin yìí ti ṣe mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún Faransé fún ìgbà díẹ̀ ní 1799. Ní 1806 wọ́n rán an lọ ṣe kọ́ńsù ní Iași, ipò tó rẹlẹ̀ púpọ̀ sí èyí tó ti wà. Kò tíì jókòó dáadáa tí ọmọ ogun Rọ́ṣíà fi wọ ìlú nígbà tí ọdún náà ń parí lọ, wọ́n kó òun àtìyàwó rẹ̀ lọ sí Rọ́ṣíà.

Wàá rò pé ẹ̀gàn yìí á mú kí Napoleon, ọba Faransé nígbà náà, gbèjà àwọn ará ibẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e òun àti Tsar, ọba Rọ́ṣíà, di ọ̀rẹ́ ní Tilsit. Nígbà tó sì di oṣù Kẹwàá ọdún 1808, ní Erfurt, ó fọwọ́ sí ìwé àṣírí pé kí Rọ́ṣíà kúkú mú Moldavia àti Wallachia méjèèjì. Ẹni tó bá ń sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ kan náà, kó wo ìyẹn dáadáa. Àìráyè ló gba ilẹ̀ náà sílẹ̀: Napoleon ń bọ̀ wá bá Rọ́ṣíà jà, Rọ́ṣíà sì ní láti yára bá Tọ́kì parí ìjà ní Bucharest ní oṣù Karùn-ún ọdún 1812. Apá ìlà-oòrùn Moldavia, tí wọ́n ń pè ní Bessarabia, nìkan ló rí mú lọ.

Ọgbọ̀n ọdún lé díẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Rọ́ṣíà ló ń pàṣẹ níbẹ̀. Àdéhùn Adrianople ní 1829 ṣí òwò odò Danube sílẹ̀, àlìkámà bẹ̀rẹ̀ sí í gba èbúté Brăila àti Galați jáde, owó sì dé ọwọ́ àwọn boier. Kí ni wọ́n fi owó náà ṣe? Wọ́n rán ọmọ lọ sí Paris.

Àwọn ọmọ yìí ni kọ́kọ́rọ́ ìtàn náà. C. A. Rosetti, Ion Brătianu àti Dumitru ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ion Ghica, Nicolae Bălcescu: gbogbo wọn ló gba Paris kọjá. Wọ́n jókòó ní Collège de France, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan níbẹ̀, wọ́n gbọ́ ẹ̀kọ́ lẹ́nu Jules Michelet àti Edgar Quinet. Ní 1845 wọ́n dá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì fi akéwì Lamartine ṣe bàbá ìsàlẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà délé pẹ̀lú kóòtù Faransé àti ìkíni Faransé lẹ́nu, àwọn àgbà fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n sọ wọ́n ní bonjuriști, ìyẹn àwọn oní-“bonjour”. Ibẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ ti wọlé. Èdè àwọn ará Ròmáníà wá láti inú Látìn, láti ìgbà tí Trajan, ọba Róòmù, ti ṣẹ́gun Dacia, ilẹ̀ wọn láyé àtijọ́, ní 106. Àwọn ọmọ yìí rí i kíákíá pé bí wọ́n bá sọ fún ará Faransé pé “ọmọ ìyá yín tó sọnù sáàárín àwọn Slav ni wá,” ojú ará Faransé á kún fún omijé. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ èdè náà. Ohun tí mò ń sọ ni pé wọ́n mọ ibi tí ó ti wúlò.

Wọ́n dán agbára wọn wò ní 1848. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà wọ́n gba ìjọba Bucharest, wọ́n na àsíá aláwọ̀ mẹ́ta. Oṣù mẹ́ta péré ló fi wà. Ọmọ ogun Tọ́kì wọ ìlú ní oṣù Kẹsàn-án, àwọn panápaná Bucharest sì wà lára àwọn tó dojú ìbọn kọ wọ́n. Faransé ò rán ọmọ ogun kan ṣoṣo wá. Àwọn aṣáájú sá padà sí Paris, wọ́n sì fi ọdún mẹ́jọ, mẹ́sàn-án kọ ìwé ìléwọ́, wọ́n kọ sínú ìwé ìròyìn, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn àwọn mínísítà. Iṣẹ́ yìí, tí kò sẹ́ni tó ń kọrin rẹ̀, ló mú kí Faransé mọ orúkọ ilẹ̀ tó ń jẹ́ Ròmáníà.

Lẹ́yìn náà ni ogun Crimea dé. Rọ́ṣíà tún wọ ilẹ̀ méjèèjì ní 1853, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì gbè sẹ́yìn Tọ́kì, wọ́n ṣẹ́gun Rọ́ṣíà. Napoleon III, ọmọ àbúrò Napoleon àkọ́kọ́, ló wà lórí ìtẹ́ ní Paris, òun náà sì ní ohun tó ń wá. Ó fẹ́ tú àdéhùn 1815 tí wọ́n ṣe nígbà tí Napoleon àkọ́kọ́ ṣubú, tí wọ́n sì fi di ìdílé rẹ̀ lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀. Ó fẹ́ odi kan tí yóò dínà Rọ́ṣíà lẹ́nu odò Danube, tí kò sì ní jẹ́ ti Ọ́stríà. Ó tún gbà tọkàntọkàn pé ó yẹ kí ènìyàn tó ń sọ èdè kan náà wà lábẹ́ ìjọba kan. Mi ò rò pé ìkẹta yìí jẹ́ ẹ̀tàn. Àmọ́ èrò rere rẹ̀ máa ń sùn bí àǹfààní mìíràn bá yọjú, bí a ó ṣe rí i láìpẹ́.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta ọdún 1856, níbi ìpàdé àlàáfíà ní Paris, mínísítà rẹ̀, Alexandre Walewski (ọmọ tí Napoleon àkọ́kọ́ bí síta), dìde, ó ní kí wọ́n so Moldavia àti Wallachia pọ̀. Tọ́kì kọ̀. Ọ́stríà kọ̀, nítorí àwọn ará Ròmáníà tó wà ní Transylvania. Rọ́ṣíà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ní òun fara mọ́ ọn. Ó ti rí i pé ọ̀rọ̀ náà á da ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn tó lu òun. Gẹ̀ẹ́sì kọ́kọ́ gbà, ó tún yí padà. Wọ́n wá fẹnu kò pé kí wọ́n bi àwọn ará ilẹ̀ náà léèrè: kí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan dìbò yan ìgbìmọ̀, kí ìgbìmọ̀ sọ ohun tí wọ́n fẹ́.

Ibi tí ìtàn náà ti dùn nìyí, jẹ́ kí n fẹsẹ̀ lé e díẹ̀. Adelé ọba tí Sultan fi sí Moldavia ni Nicolae Vogoride. Bí ìdìbò ṣe ń bọ̀ ní 1857, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi orúkọ ṣeré. Ẹni tó bá fẹ́ ìṣọ̀kan, wọn ò ní rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé olùdìbò. Wọ́n ti ìwé ìròyìn pa, wọ́n lé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọn ò fọkàn tán. Ìwọ àti èmi mọ irú ìdìbò bẹ́ẹ̀. Kọ́ńsù Faransé ní Iași ni Victor Place, ẹni tó ti wà ní Mosul tẹ́lẹ̀, níbi tó ti ń wú ère àwọn ọba Àsíríà jáde nínú ilẹ̀. Ó gbé ohun tí ojú rẹ̀ rí ránṣẹ́ sí Paris àti sí Thouvenel, aṣojú Faransé ní Istanbul. Ní oṣù Keje, wọ́n ka ìbò, àwọn tí kò fẹ́ ìṣọ̀kan ló wọlé. Ọ̀gá ìlú Galați, ọmọ ogun kan tó ń jẹ́ Alexandru Ioan Cuza, ní òun ò lè fara mọ́ èrú yìí, ó kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní gbangba. Fi orúkọ yẹn sọ́kàn.

Kí ló tú àṣírí náà? Lẹ́tà. Àwọn ẹbí Vogoride tó wà nídìí iṣẹ́ ìjọba Sultan ti ń kọ̀wé sí i pé bó bá lè dènà ìṣọ̀kan, òun ni wọ́n máa fi jọba. Ìyàwó rẹ̀, Ecaterina Conachi, tí wọ́n ń pè ní Cocuța, ọmọ olówó tó gbé dúkìá rẹpẹtẹ wá ilé ọkọ, wà ní ẹ̀yìn ìṣọ̀kan ní tirẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń sọ ní Ròmáníà ni pé òun ló jí àwọn lẹ́tà náà fún àwọn tí ọkọ rẹ̀ ń bá jà. Wọ́n tẹ̀ wọ́n jáde nínú ìwé ìròyìn kan ní Brussels, gbogbo Yúróòpù sì kà á.

Thouvenel ní kí Sultan fagi lé ìdìbò náà. Sultan lọ́ tìkọ̀, nítorí aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, Stratford de Redcliffe, dúró lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹjọ, Faransé, Rọ́ṣíà, Prussia (ìjọba Jámánì kan) àti Sardinia (ìjọba kan ní Ítálì) já okùn ìbáṣepọ̀ pẹ̀lú Tọ́kì lẹ́ẹ̀kan náà. Napoleon III wọ ọkọ̀ ojú omi, ó lọ bá Ọbabìnrin Victoria ní Osborne, ní erékùṣù Wight. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dúnàádúrà: Gẹ̀ẹ́sì á gbà kí wọ́n tún ìbò náà dì, Faransé á sì gbàgbé ìṣọ̀kan pátápátá, kí ilẹ̀ méjèèjì kàn ní àwọn òfin tó jọra. Ìyẹn ni pé Faransé gba ìdìbò tòótọ́ fún àwọn ará Ròmáníà, ó sì ti ta ohun tí wọ́n máa dìbò fún kí wọ́n tó dì í.

Wọ́n tún un dì ní oṣù Kẹsàn-án. Nígbà tí ìgbìmọ̀ Moldavia jókòó ní oṣù Kẹwàá, ènìyàn 81 ní ìṣọ̀kan làwọn fẹ́, ẹni 2 ní rárá. Bucharest náà sọ ohun kan náà. Àmọ́ àwọn alágbára ti mọ ohun tí wọ́n máa fún wọn. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní Paris ní oṣù Kẹjọ ọdún 1858 fún wọn ní orúkọ kan, “Àwọn Ilẹ̀ Ọba Alásopọ̀ ti Moldavia àti Wallachia,” àti ọba méjì, ilé ìgbìmọ̀ méjì, olú ìlú méjì.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àwọn ará Ròmáníà ka àdéhùn náà láti òkè délẹ̀, wọ́n wá rí i pé ó ní kí ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan yan ọba tirẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ibi tó ti sọ pé ẹni tí wọ́n máa yàn kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹnì kan náà. Ní Iași, àwọn aṣòfin tó fẹ́ ìṣọ̀kan pàdé lóru ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 1859, nínú ilé tí wọ́n ń kó egungun ẹranko sí, nínú yàrá tí wọ́n to egungun erin kan sí. Wọ́n jiyàn títí. Olúkúlùkù ní ẹni tirẹ̀. Lábẹ́ erin yẹn ni ẹnì kan ti dá orúkọ Cuza, kò sì sí ẹni tó bínú sí i tó láti kọ̀ ọ́. Ní ọjọ́ 5 oṣù náà, gbogbo ìbò 48 ló lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ní Bucharest àwọn àgbà boier ló pọ̀ jù nílé ìgbìmọ̀, wọ́n sì ní ẹni tí wọ́n fẹ́, àmọ́ èrò ìlú ti yí ilé náà ká. Ní ọjọ́ 24 oṣù náà, gbogbo ìbò 64 lọ sọ́dọ̀ Cuza níbẹ̀ pẹ̀lú. (Kàlẹ́ńdà àtijọ́ ni wọ́n ń lò, ó fi ọjọ́ 12 wà lẹ́yìn tiwa, 5 oṣù Kejì ni lọ́dọ̀ àwọn ará Paris. Àmọ́ ọjọ́ 24 yẹn ni wọ́n ń ṣọdún rẹ̀ títí dòní.)

Ṣé o rí i báyìí? Kì í ṣe Faransé ló ronú kan ọgbọ́n yẹn. Ohun tí Faransé ṣe ni pé kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fìyà jẹ wọ́n fún un. Cuza yára rán akéwì Vasile Alecsandri lọ bá Napoleon III. Ọ́stríà ń halẹ̀, ṣùgbọ́n Faransé ti ń múra láti bá a jà ní Ítálì. Nígbà tó di oṣù Kẹfà wọ́n ti lù ú ní Magenta àti Solferino. Ní oṣù Kẹsàn-án gbogbo àwọn alágbára gba Cuza, Tọ́kì náà sì gbà á.

Àwọn ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọwọ́ Faransé hàn jù nílé ìjọba. Àwọn ọ̀gá ológun Faransé wá kọ́ ọmọ ogun wọn láti 1860. Ará Faransé kan, Baligot de Beyne, ni olórí àwọn akọ̀wé Cuza. Ìwé òfin ìlú tí wọ́n gbé jáde ní 1864, láti inú ti Napoleon ni wọ́n ti kọ púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìwọ tó wà ní Pọ́bẹ̀, fi èyí wé tiyín: ìjọba Napoleon III yìí kan náà ló bá Ọba Sodji ti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ṣe àdéhùn ààbò ní 1863. Ní Iași, wọ́n fi ìdìbò àti ìpàdé jà fún àwọn ará ilẹ̀. Ní Àjàṣẹ́, kò sí ẹni tó béèrè bóyá kí mẹ̀kúnnù dìbò.

Àmọ́ má jẹ́ kí ó dà bí ẹni pé ojú rere náà ò ní iye. Wọ́n lé Cuza kúrò lórí ìtẹ́ ní oṣù Kejì ọdún 1866. Kíá ni aṣojú Ítálì ní Paris, Costantino Nigra, dá a lábàá pé kí wọ́n fún Ọ́stríà ní Moldavia àti Wallachia, kí Ọ́stríà fi Venice àti agbègbè rẹ̀ sílẹ̀ fún Ítálì. Inú Napoleon III dùn sí i. Ilẹ̀ tó jà fún ní Osborne ló fẹ́ fi ṣe pàṣípààrọ̀ yìí. Ọ́stríà ló kọ̀, Rọ́ṣíà àti Gẹ̀ẹ́sì náà ò sì fẹ́ gbọ́.

Àwọn ará Ròmáníà ò dúró wo ibi tí ọ̀rọ̀ máa já sí. Wọ́n wá ọba fúnra wọn: Carol ti Hohenzollern-Sigmaringen, ọ̀gá ológun Prussia, ọmọ ọdún 27. Ìyá bàbá rẹ̀ jẹ́ ìdílé Murat, ìyá ìyá rẹ̀ sì jẹ́ Beauharnais, ìyẹn ni pé ó bá Napoleon III tan. Madame Hortense Cornu, tó bá Napoleon mu ọmú kan náà, ló bá wọn gbé ọ̀rọ̀ náà dé etí rẹ̀. Napoleon ò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ rárá. Ọ́stríà àti Prussia sì ń múra ogun nígbà náà, nítorí náà Carol wọ kíláàsì kejì nínú rélùwéè, ó gba àárín Ọ́stríà kọjá pẹ̀lú ìwé ìrìnnà Swítsálándì tí wọ́n kọ orúkọ Karl Hettingen sí, títí ó fi sọ̀ kalẹ̀ ní Turnu Severin létí odò Danube ní oṣù Karùn-ún.

Lẹ́yìn ìyẹn agbára Faransé ń rọ̀. Prussia lù ú ní 1870, ọba Jámánì kan sì wà lórí ìtẹ́ ní Bucharest. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà àwọn ará Ploiești tilẹ̀ dìde lòdì sí i, wọ́n fi ìjọba olómìnira lọ́lẹ̀ tí kò ju ọjọ́ kan lọ. Níbi ìpàdé Berlin ní 1878, nígbà tí àwọn alágbára fẹ́ fọwọ́ sí òmìnira Ròmáníà kúrò lábẹ́ Tọ́kì, mínísítà Faransé, Waddington, ló takú pé àfi kí ẹ̀sìn má ṣe dínà ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àwọn Júù tí òfin Ròmáníà ò jẹ́ kó di ọmọ ìlú ló ń sọ. Inú wọn ò dùn sí i ní Bucharest, àmọ́ Waddington jàre, lójú tèmi. Oṣù Kejì ọdún 1880 ni Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí òmìnira Ròmáníà náà. Ní 1883 Ròmáníà bá Ọ́stríà-Hungary ṣe àdéhùn àṣírí, Jámánì sì wọ inú rẹ̀.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù nìyí: ìjọba wọn ti kọjú sí Berlin, àwọn ará ìlú ò tíì kúrò ní Paris. Ìgbà náà gan-an ni wọ́n gbé iṣẹ́ gbọ̀ngàn Athenaeum Bucharest fún ayàwòrán ilé ọmọ Faransé kan, Albert Galleron. Wọ́n ṣí i ní 1888. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìlú náà ní “Paris kékeré.” Ẹni tó bá ra búrẹ́dì níbẹ̀ lónìí, “mersi” ni yóò fi dúpẹ́, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Ìyẹn ni Ròmáníà gbé wọ ẹgbẹ́ yín ní 1993, ọdún méjì ṣáájú kí Cotonou tó gbàlejò ìpàdé àwọn olórí ẹgbẹ́ náà. Bucharest gbà á lálejò ní 2006.

Ní ti ìjíyàn yín, kí ọ̀rẹ́ rẹ ra ẹ̀kọ, kí ìwọ ra àkàrà.